Bíbélì Ìdána Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìsọlọ̀, kò sí ohun tó ń dà mí láàmú nínú pálọ̀ wa bíi Bíbélì kan tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù funfun so òrùka mọ́. Bíbélì ìdána ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: nínú gbogbo ẹrù tí wọ́n bá gbé wá fẹ́ ìyàwó, òun ni wọ́n máa ń ní kí ìyàwó mú. Nílé tiwa, orí tábìlì ló máa ń wà títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Bí ẹ bá dá a padà, ẹ ti tú àdéhùn ká nìyẹn.

Ọkùnrin tó gbé e wá ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìhunṣọ kan nítòsí wa, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Ìgbéyàwó ku díẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ gé àwọn ìka ọwọ́ òsì rẹ̀, tó ku àtàǹpàkò nìkan. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an lowó epo gba ìlú kan. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lánàá, ọkọ̀ tuntun ló gbé wá lónìí. Ni agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kó sìmẹ́ǹtì bá ní ẹ̀gbọ́n mi lòun fẹ́. Àbúrò bàbá mi obìnrin ló mú un wá, àwọn tí kì í yà kí wa tẹ́lẹ̀ o. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni wọ́n ń dé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá Bíbélì yẹn padà," ni wọ́n máa ń wí fún bàbá mi. "Kí ló fẹ́ fi bọ́ ọmọ yín? Òrùka ìgbéyàwó gan-an, ìka wo ló fẹ́ fi í sí?"

Alàgbà ìjọ ni bàbá mi, àmín tiwọn ló sì ròkè jù lọ́jọ́ ìdána, síbẹ̀ ta ni yóò fẹ́ kí ọmọ òun jìyà? Wọn á jókòó, wọn á dìde, wọn á lọ dúró lójú fèrèsé bíi pé rélùwéè Ọ̀ṣọ́dì ni wọ́n ń retí. Ìyá mi ń jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná. Èmi, bí mo bá ti jí, tábìlì ni mo máa ń sáré lọ wò, bóyá Bíbélì ṣì wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi ẹ̀gbọ́n mi léèrè ohun tó fẹ́, ó sì ń bí mi nínú.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin náà dé, ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, mo wá gba Bíbélì náà padà. Mi ò fẹ́ kí ìlérí tí a ṣe di ẹ̀wọ̀n fún ọmọ yín."

Àbúrò bàbá mi ti dìde láti lọ gbé e. Bàbá mi yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ìwọ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé Bíbélì lé itan. "Bàbá, lọ́jọ́ ìdána, ẹ bi mí ṣé kí ẹ gbà á, mo ní kí ẹ gbà á. Ọlọ́run gbọ́. Mi ò ka ìka ọwọ́ rẹ̀ kí n tó dáhùn."

Bàbá mi sunkún lójú gbogbo wa. Àbúrò wọn mú báàgì, wọ́n bínú lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n wá síbi ìgbéyàwó, ìjókòó iwájú ni wọ́n sì jókòó sí. Ìṣojú wọn ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi òrùka sí àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀, ó sì bá a mu rẹ́gí. Bàbá mi ló ti lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà, láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìdána tòní dùn ún wò, Bíbélì a máa jẹ́ aláwọ̀ wúrà, wọn a sì yà á ní fọ́tò ju ìyàwó lọ. Kí ọdún tó yí po, ẹ ó gbọ́ pé kálukú ti bá tirẹ̀ lọ. Mi ò dá yín lẹ́bi, ẹ̀rù ìgbà yẹn ṣì wà lára mi. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ ní Òkòtà, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, tábìlì tí wọ́n gbé Bíbélì náà lé ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.