Ìwé Ọkọ̀ Òkun Bàbá Ṣẹ̀yẹ

Lọ́jọ́ tí ìjì ká páànù ilé Adéoyè lọ ní Òmù-Àrán, agbòjò kan ṣoṣo ló wà nílé. Adéoyè, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ṣẹ̀yẹ, ṣí i, ó fi bo àpótí ìwé rẹ̀. Rhoda, ìyàwó rẹ̀, ń gbọ̀n nínú òjò.

"Bàbá Ṣẹ̀yẹ, èmi ńkọ́?"

"Ìyá Ṣẹ̀yẹ, ìwọ á gbẹ. Ìwé kì í gbẹ padà."

Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí iṣu tuntun fi jáde.

Kúùkù ọkọ̀ ojú omi ni bàbá yìí nígbà tí owó epo ń ya bí omi. Nígbà tí nǹkan wá le, tí wọ́n ń tú àwọn ọkọ̀ náà tà lówó pọ́ọ́kú l'Ápápá, ìwé ló rà ní tirẹ̀: ìwé tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ fi ń kọ ìrìn ojoojúmọ́ sílẹ̀, afẹ́fẹ́, ìgbì, ẹni tó ṣàìsàn, ẹni tó kú. Mẹ́tàlélógójì! Ó sanwó àyè mẹ́ta fún wọn nínú bọ́ọ̀sì.

"Bàbá, ìwé kì í jókòó," ni awakọ̀ wí.

"Tèmi ń jókòó."

Orí àpò gaàrí ni Rhoda jókòó sí dé Òmù-Àrán.

Ẹ má bú u o. Olúṣẹ̀yẹ, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, náà wọ iṣẹ́ òkun, nínú ọkọ̀ mìíràn. Ibà pa á lójú ọ̀nà, wọ́n sì sin ín sínú omi. Ikú dóró! Lẹ́tà tó dé ilé ò sọ ibi tó jẹ́. Ìwé ọkọ̀ yẹn nìkan ló lè sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ìwé náà ti dàpọ̀, èèpo wọn ti ya, kò sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ti ọkọ̀ Ṣẹ̀yẹ; ìdí nìyẹn tó fi ra gbogbo wọn.

Àwọn àgbà ní kó sinmi, pé òbí kì í mọ sàárè ọmọ.

"Ẹ̀yin ń wí bẹ́ẹ̀ torí ọmọ yín ní sàárè," ló dá wọn lóhùn.

Lọ́dún tí ebi wọlé, Salaudeen tó ń ra bébà fún àwọn alákàrà dé. Rhoda bẹ ọkọ rẹ̀ títí kó ta àwọn ìwé náà. Bàbá ná ọjà láti àárọ̀ dé ọ̀sán. Nígbà tí Salaudeen máa lọ, kò rí ìwé kankan gbé, ó sì ti fi bébà tirẹ̀ tọrẹ kí bàbá fi lẹ èèpo ìwé. Gaàrí ni wọ́n mu lọ́jọ́ náà. Rhoda sunkún.

Ìwé mẹ́tàdínlógójì ni bàbá kà tán kó tó kú. Suliat, tíṣà ilé kejì, ló wá ka mẹ́fà tó kù sí Rhoda létí.

"Mama, ó ti tán. Kò sí orúkọ Ṣẹ̀yẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tà á."

Omijé ń bọ́ lójú Rhoda, ẹ̀rín sì gbà á lẹ́nu.

"Tán kẹ̀? Bàbá tó ń kí ewúrẹ́ mi káàárọ̀, tó ń bi í léèrè ọmọ, ìyẹn lo rò pé ó ríran kàwé? Suliat ọmọ mi, jọ̀ọ́, mú èyí àkọ́kọ́ wá."