Ààyè Tí Ìyá Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀ fún Omi

Ẹ fún mi láyè kí n ro ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àgbàrá òjò fún yín. Èmi ò kàwé. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló fà á. Ààyè kan wà láàárín ilé wa àti ilé tó tẹ̀ lé e ní Agége níbí. Àwọn ọmọ mi ní ilẹ̀ ń ṣòfò, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo ní rárá. Wọ́n ní Màámi ti darúgbó. Òótọ́ ni, mo ti darúgbó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná.

Òyìnbó ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Ilé amọ̀ tí bàbá ọkọ mi kọ́ là ń gbé, páànù lórí, oko obì lẹ́yìn. Bàbá ti kú kí n tó dé ilé ọkọ. Ìyá ọkọ mi ló wà, Ìyá Ẹlẹ́kọ là ń pè wọ́n, torí ẹ̀kọ ni wọ́n ń sè tà. Ààyè tí mo ń wí yìí gan-an ni wọ́n kọ́ ilé ìdáná wọn sí lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú. Ààrò ńlá wà níbẹ̀, ìkòkò ẹ̀kọ lórí rẹ̀. Kí ewúrẹ́ aládùúgbò ṣáà yọjú síbẹ̀, ẹ ó gbọ́ èpè.

Bí òjò bá rọ̀ láyé ìgbà yẹn, igbó tó wà lókè ló ń mu ún. Èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọdé lè fò ó. Ìgbà tó yá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá lápá Ìkẹjà. Wọ́n gé igbó, wọ́n hú igi obì, wọ́n fi simẹ́ńtì bo ilẹ̀. Inú wa dùn, àwọn ọkùnrin ríṣẹ́ ṣe. Ta ló máa rò ó pé igbó yẹn ló ti ń bá wa mu omi?

Àárín òjò ọdún yẹn ni mo bí àkọ́bí mi. Ní ilé wa, ìyá ìkókó kì í gbé ọmọ jáde títí di ọjọ́ ìkómọjáde. Inú yàrá ló máa wà, iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú ọ̀run ò gbọdọ̀ rí ọmọ tí kò tíì lórúkọ. Ìyá ò fi èyí ṣeré rárá.

Ó ku ọ̀la ká sọ ọmọ lórúkọ, òjò ti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀, kò dá. Ẹni tó ń gbé ọ̀kánkán wa, Bàbá Múfú, télọ̀ ni. Omi ti wọlé bá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló bá mọ erùpẹ̀ gàgàrà síwájú ilé. Omi tí ì bá pín sọ́dọ̀ àwa méjèèjì wá kọrí sọ́dọ̀ wa pátápátá. Ilé ìdáná dí i lọ́nà, ló bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ yàrá tí mo wà.

Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, mo ń wo bí ìdí ògiri ṣe ń rọ̀ bí àkàrà tí wọ́n jù sínú ẹ̀kọ gbígbóná.

Ọkọ mi gbé ọkọ́, ó ní òun ń lọ já erùpẹ̀ Bàbá Múfú. Mo ń gbọ́ wọn láti ojú fèrèsé.

“Bàbá Múfú, ọmọ tuntun wà nínú ilé!”

“Ṣé ewúrẹ́ ni àwọn ọmọ tèmi tó wà nínú ilé ni? Fọwọ́ kan erùpẹ̀ yìí, kó o rí i.”

Mo pe Ìyá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé ọmọ sá lọ sílé ẹlòmíì, ògiri máa wó lù wá.

“Kó o gbé ọmọ tí kò lórúkọ gba inú òjò? Lójú mi?”

Wọ́n wọlé wá, wọ́n fọwọ́ kan ògiri. Amọ̀ lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n wá pe ọkọ mi, wọ́n ní bó bá já erùpẹ̀ Bàbá Múfú, níbo ni omi máa gbà?

“Ọ̀dọ̀ wọn ni, Ìyá.”

“Tó bá wá dé ọ̀dọ̀ wọn ńkọ́?”

Ọkọ mi sọ ọkọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yìn ilé Bàbá Múfú ga, omi ò rí ibì kan lọ níbẹ̀. Àárín àwọn ọmọ rẹ̀ ló máa jókòó sí.

Ìyá ní, “Nígbà ayé bàbá rẹ, ibi tí mo gbé ààrò mi sí yìí ni omi ń gbà lọ sí àbàtà. Mo rò pé ó ti gbàgbé ni.” Wọ́n gbé ìkòkò ẹ̀kọ wọn wá sínú yàrá mi, wọ́n gbé e kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ. Wọ́n mú ọmọ odó, wọ́n sì lọ. Àwọn ló kọ́kọ́ gbá ògiri ilé ìdáná náà, kí ọkọ mi tó bá wọn débẹ̀.

Bàbá Múfú dúró lórí erùpẹ̀ rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Nígbà tó ṣe, ó mú ṣọ́bìrì, ó sọdá wá.

“Ìyá Ẹlẹ́kọ, ilé ìdáná tí ẹ tìtorí ẹ̀ ṣépè fún ewúrẹ́ mi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ wá ń wó o?”

“Omi mọ ọ̀nà àbàtà. Ìkòkò mi nìkan ni ewúrẹ́ rẹ mọ̀. Gbá ògiri, jàre.”

Ògiri wó. Omi wọ inú ààrò, eérú hó ṣìì, ó kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni omi fà kúrò ní ẹ̀gbẹ́ yàrá mi. Ó ti jẹ ìdí ògiri wọnú, ṣùgbọ́n ògiri dúró.

Inú yàrá yẹn la ti gbé ọmọ jáde lọ́jọ́ kejì. Ìyá sọ ọ́ ní Bánkọ́lé. Bàbá Múfú rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ẹni tó wó ilé lánàá ló ń sọ ọmọ ní Bánkọ́lé lónìí.

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló kó erùpẹ̀ rẹ̀ kúrò, tó la ọ̀nà omi tirẹ̀ wá sínú tiwa. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, ilé méjèèjì la jọ ń kó o mọ́. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da pàǹtí síbẹ̀. Ìyá wá ń sè lábẹ́ àtíbàbà. Kò dùn mọ́ wọn o. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń ráhùn èéfín.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò gbà fún un. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé onílé tó bá fẹ́ kọ̀ fún un, àfi kó wá ọ̀nà fún un. Bí oníkálukú bá mọ odi síwájú ilé tirẹ̀, ṣé kì í ṣe ilé ẹnìkejì la ń darí omi sí?

Ta lẹ rò pé ó mú bíríkìlà wá wọn ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá? Bánkọ́lé ni. Ọmọ rẹ̀ tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Bánkọ́lé, bó o bá ń kà á, ibi tí o fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ni omi gbà kọjá kí ògiri má baà wó lù ọ́, nígbà tí o kò tíì lórúkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ibo ni omi máa ń gbà ní agbo ilé tiyín, kí ẹ tó kọ́lé dí i? Bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ bi àgbà ilé, kí ẹ sì wá sọ fún wa níbí. Ọmọ yìí á kà á sí mi létí.