Fíìmù Bàbá Láoyè Tí Kò Parí

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Parkchester ní New York, kò sí Sátidé tí ilé wa kì í kún. Àwọn ọ̀rẹ́ màmá mi, nọ́ọ̀sì bíi tiwọn, á ti ibi iṣẹ́ gba ọ̀dọ̀ wa wá láì pààrọ̀ aṣọ, torí pé fíìmù tuntun tí Bàbá Láoyè yà nílé ti dé. Èmi ni mo ń dín dòdò, èmi náà ni mo ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ká dòdò mọ́ mi lẹ́nu kí àlejò tó jẹ, màá kúnlẹ̀, màá kọjú sí ògiri, màá nawọ́ sókè. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ fíìmù Bàbá Láoyè, etí ni mo fi wò ó.

Mo fẹ́ràn bàbá yẹn. Fíìmù wọn kì í kánjú. Obìnrin kan lè bó odindi iṣu tán kó tó fọhùn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tí yóò mira ní pálọ̀. Wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ fún òṣèré. Wọ́n á kàn ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, ìwọ lo máa wá ohun tí wàá sọ.

Nígbà tí wọ́n wá ya fíìmù kan ní New York, pálọ̀ wa ni wọ́n lò. Màmá mi ni wọ́n mú ṣe obìnrin tó ti pẹ́ lókè òkun, tí kò rí ọ̀nà lọ sílé. Ọ̀rọ̀ màmá mi gan-an nìyẹn, torí péépà ìgbélùú wọn kò tíì jáde; bí wọ́n bá lọ sílé, wọn ò ní lè padà wọlé. Bàbá Láoyè ní kí màmá mi fi fóònù pe ìyá tó bí wọn l'Abẹ́òkúta, kí wọ́n ní àwọn ò ní lè wálé mọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ fún ìyá àgbà pé eré ni. Kálukú rò pé ẹlòmíì ti sọ ọ́.

Ìyá àgbà ò pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì pe màmá mi, "Àbẹ̀kẹ́, Àbẹ̀kẹ́ mi," wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Màmá mi gbàgbé kámẹ́rà, wọ́n dojú bolẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń sunkún. Bàbá Láoyè ń nu ojú, wọn ò sì ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró. Nígbà tí ìyá àgbà wá mọ̀ pé eré ni, wọ́n bú gbogbo wa bí ẹni láyin, wọ́n wá béèrè ìgbà tí fíìmù náà máa jáde.

Kò jáde. Abẹ́òkúta ni wọ́n fẹ́ ti ya apá tó kù, ibi tí obìnrin náà ti délé, bí péépà màmá mi bá ti jáde. Àìsàn mú Bàbá Láoyè, wọ́n sì kú. Kò pẹ́ tí ìyá àgbà náà fi tẹ̀ lé wọn, péépà màmá mi kò sì tíì jáde. Ó ń dùn mí títí dòní.

Láyé òde òní, fóònù làwọn ọmọ mi fi ń wo fíìmù, kálukú ní yàrá tiẹ̀, apá kejì á sì bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó mí. Wọ́n ń gbádùn ẹ̀, kò burú. Láìpẹ́ yìí, ọmọ Bàbá Láoyè gbé ohun tí bàbá ẹ̀ yà sílẹ̀ wá sílé wa. Ó fẹ́ parí ẹ̀, kí màmá mi tó ti hewú wá ṣe ibi tó kù. A jọ wò ó. Nígbà tí ohùn ìyá àgbà jáde, àwọn ọmọ mi pàápàá gbé fóònù sílẹ̀.

Màmá mi di ọwọ́ ọkùnrin náà mú.

"O ṣé, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má parí ẹ̀. Níbi tó dúró yẹn, ìyá mi ò tíì kú. Mo ṣì máa bá wọn nílé."