Oyin Tí Mo Kánjú Gé

Iṣẹ́ kápẹ́ńtà ni mo ń ṣe ní Lotto, ní Mowe, nígbà tí bàbá kan láti Ibogun ní kí n bá òun kan àpótí mẹ́fà tí kò ní ilẹ̀kùn, àfi ihò tóóró. Mo rò pé ẹyẹlé ló fẹ́ sìn. Ìgbà tí mo gbé wọn dé oko rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ilé oyin ni. Oyin kan ta mí ní ètè. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọ́n ti mọ̀ ẹ́ báyìí. Máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́ mi pé a kì í gé afárá tí àwọn oyin kò bá tíì fi ìda bò lójú, torí omi pọ̀ nínú rẹ̀, kì í pẹ́ kan.

Lọ́dún kejì, òjò ti ń ṣú, Bàbá ò sí nílé, Ìyá Ṣadé, oníbàárà wa kan ní Lotto, sì fẹ́ oyin tí wọ́n máa fi sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, torí oṣù Ṣadé ti pé. Mo kánjú gé èyí tó gbó mọ́ èyí tí kò gbó, mo rọ ọ́ sínú ìgò tí wọ́n kọ "Oyin Bàbá Ibogun" sí, mo sì gbé e fún un.

Nígbà tí ìkómọ ku ọ̀la, fóònù Bàbá dún, Ìyá Ṣadé ni.

"Oyin yín ń hó bí ẹmu! Ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí níwájú àwọn àna mi ni?"

Ẹ̀rù bà mí pé Bàbá máa lé mi. Mo jẹ́wọ́. Ó wọlé lọ gbé ìgò kan ṣoṣo tó kù, èyí tó fi pa mọ́ nítorí ikọ́ rẹ̀. A gun ọ̀kadà lọ sí Lotto. Mo dọ̀bálẹ̀, àmọ́ kí n tó lanu, Bàbá ti sọ̀rọ̀.

"Ìyá wa, ẹ má bínú. Èmi ni mo kánjú gé e."

Ìyá Ṣadé tọ́ oyin inú ìgò náà wò, ojú rẹ̀ rọ̀. Bá a ṣe ń padà, mo bi Bàbá léèrè ìdí tó fi gbà á sórí ara rẹ̀.

"Èmi ti lórúkọ nídìí iṣẹ́ yìí. Ìwọ ò tíì ní."

Gbogbo ìgbà òjò ọdún yẹn ló fi wúkọ́, mo sì ń gbọ́ ọ.

Bàbá ò lè lọ sóko mọ́ báyìí. Ìgò tí mo bá kọ́kọ́ rọ lọ́dọọdún, tirẹ̀ ni, mi ò jẹ́ tà á. Lọ́dún yìí, ó yí i wò, ó rí orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, èmi kọ́ ni mo gé èyí."

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún Ìyá Ṣadé pé ẹ̀yin lẹ gé e."