Bàbá Gíráàmù àti Ẹrù Kílò Mẹ́ta

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò fi ń rántí Bàbá Gíráàmù ni ti ọjọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ẹrù ìrìn-àjò, tó gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ kalẹ̀ sórí káńtà, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná báàgì àgbékọ́yìn kan. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kì í ṣe òpè nínú ọjà nínà. Ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń retí iye tí bàbá máa pè.

"Ẹ bá mi dín in kù," ni bàbá wí.

"Bàbá, jálẹ̀ rẹ̀ nìyẹn o. Torí pé àgbà ni yín ni mo ṣe pè é bẹ́ẹ̀."

"Ta ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ owó? Ìwúwo rẹ̀ ni mo ní kí o dín kù."

Ọmọbìnrin náà wo báàgì, ó wo bàbá. "Ìwúwo báwo, sà?"

"Kílò kan àti igba gíráàmù nìyí. Ẹgbẹ̀rin gíráàmù ni mo fẹ́."

"Bàbá, bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn."

"Àwọn ilé iṣẹ́ kọ́ ló máa gbé e. Kí ni àpò kékeré ẹ̀gbẹ́ yìí ń ṣe níbí? Àwọn okùn mẹ́rin tó ń ṣe jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ yìí ńkọ́, ewúrẹ́ la fẹ́ so ni?"

Ẹ má bínú, olóòótọ́ èèyàn ni, ó sanwó kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó ṣe sanwó tán báyìí ló fa sísọ́ọ̀sì yọ, tó sì ń gé lórí káńtà níbẹ̀. Ìgbà tó máa ṣe tán, báàgì ti di ẹgbẹ̀rin gíráàmù ó lé mẹ́wàá. Ó ṣa gbogbo okùn, àpò àti irin wẹ́wẹ́ tó gé kúrò, ó rọra tì í sí iwájú ọmọbìnrin náà. "Gbà, ọmọ mi," ló wí. "Mi ò ra ìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Tíṣà, wà lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo àkókò yìí. Ó kọjú síta, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí láyé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé orí rẹ̀ dàrú. Télọ̀ ni Bàbá Gíráàmù, yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ kan, tábìlì ìgéṣọ kan, àti ẹnu tí kì í sinmi. Láti ìgbà tí òun àti Màmá Tíṣà ti fẹ́ra ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ òkè, tó ń gba inú igbó àti pápá lọ títí dé etí òkun. Ọjọ́ márùndínlógójì ni èèyàn fi ń rìn ín. "Tí o bá fẹ̀yìn tì," ni bàbá máa ń wí fún un. Màmá Tíṣà fẹ̀yìn tì lóòótọ́, ló bá di pé orúnkún rẹ̀ náà fẹ̀yìn tì.

Dókítà tẹ orúnkún náà síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ó wo fọ́tò eegun, ó sì sọ ojú abẹ níkòó. "Màmá, ẹ lè rìn. Ìrìn gan-an dára fún un. Ṣùgbọ́n tí ẹrù ẹ̀yìn yín bá fi lè ju kílò mẹ́ta lọ, orúnkún yìí máa dá yín padà lójú ọ̀nà, kò sì ní tún gbà yín láàyè láti lọ mọ́." Omi lé sójú Màmá Tíṣà. Ó ti gbọ́ pé kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn èèyàn ń gbé lọ sí ọ̀nà yẹn. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ti ń retí láti ìgbà ọmọge ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Bàbá kò sunkún. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga. "Dókítà," ló wí, "kílò mẹ́ta yẹn, ṣé pẹ̀lú omi ni àbí láìsí omi?"

Láti ọjọ́ náà ni ara kò ti rọ nǹkan kan mọ́ nínú ilé wọn. Ó gé àmì ọrùn kúrò lára gbogbo aṣọ. Ó la kóòmù sí méjì. Aṣọ ìnura kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá Tíṣà dé ibi ìfọyín, ó bá búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, orí nìkan ló kù.

"Bàbá, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi èyí dé eyín ẹ̀yìn?"

"Fi ìka tì í. Ìka yẹn, o kúkú ti ń gbé e lọ tẹ́lẹ̀."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ṣíbí. Bàbá ní ọ̀kan ti tó. "Nígbà tí o bá ń jẹun, èmi á máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá ń jẹun, ìwọ náà á máa sọ̀rọ̀." Màmá Tíṣà kò bá a jiyàn rárá, torí ó mọ ọkọ rẹ̀. Tó bá ti kan bàbá láti sọ̀rọ̀, òun á ti jẹ ẹ̀wà inú ìkòkò tán kó tó dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan tí màmá bu búrẹ́dì kẹta sẹ́nu, bàbá wo búrẹ́dì, ó wo òṣùwọ̀n, ó tún wo ìyàwó rẹ̀. Màmá Tíṣà náà wò ó padà. Bàbá gbójú sókè, ó ní ó dà bíi pé òjò fẹ́ rọ̀. Olórí kunkun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ pẹ́ láyé.

Ibi tí iṣẹ́ télọ̀ ti wá ṣe é ni ti àgọ́. Kò rí èyí tó fúyẹ́ tó nínú gbogbo àgọ́ tí wọ́n ń tà, ló bá ní òun máa rán an. Ó ní kí Màmá Tíṣà dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n láti orí dé gìgísẹ̀, láti èjìká dé èjìká. Òun náà wá dùbúlẹ̀ tì í kí ó wọn òun. Oníbàárà kan tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó bá àgbà méjì nílẹ̀ gbalaja tí wọ́n nà tọ́ọ́rọ́. Ó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó sì rọra ti ilẹ̀kùn padà.

Àgọ́ náà dára, kò sì wúwo ju ṣòkòtò méjì lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbéra ìrìn náà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní tí wọ́n pa á lójú ọ̀nà ni àṣìṣe rẹ̀ hàn. Ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ ni télọ̀ máa ń wọ̀n. Ní ìfẹ̀yìnlélẹ̀ ni wọ́n ti wọn ara wọn, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àlàfo ìka kan péré ni bàbá sì fi kún un, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fi kún ṣòkòtò. Kò rántí pé èèyàn a máa yí. Tí ẹnì kan bá ti fẹ́ yí, àfi kí àwọn méjèèjì jọ yí.

"Mo fẹ́ yí o."

"Apá ibo?"

"Ọ̀tún."

"Ó yá. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, yí!"

Nígbà tó di àárọ̀, ọkùnrin kan tó pa àgọ́ tirẹ̀ sí ìtòsí wá kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó bi wọ́n léèrè bóyá iṣẹ́ ológun ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì.

Ti máàpù ló wá burú jù. Bàbá ti gé gbogbo etí máàpù náà dànù nílé, ó ku ojú ọ̀nà nìkan, kò fẹ̀ ju téèpù rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ṣìnà. Wọ́n rìn fún bíi wákàtí kan kí Màmá Tíṣà tó dúró.

"Bàbá, ẹ wo máàpù. Ibo la wà?"

Bàbá wò ó, ó yí i padà, ó tún wò ó. "A ò sí níbí."

"Kí lẹ ń wí?"

"Ibi tí a wà yìí, mo ti gé e sọ nù."

Màmá Tíṣà jókòó lórí òkúta. Inú bí i gan-an. Nígbà tó yá, ó béèrè iye tí ibi tó gé kúrò náà wọ̀n. Bàbá ní gíráàmù mọ́kànlá. "Gíráàmù mọ́kànlá," ni màmá wí, ẹ̀rín sì gbé e, ó rín in títí ó fi di orúnkún rẹ̀ mú. Àgbẹ̀ kan tó gbọ́ ẹ̀rín náà láti oko rẹ̀ ló wá mú wọn padà sójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, orúnkún náà kò dá wọn padà. Ẹrù Màmá Tíṣà kò ju kílò mẹ́ta lọ lọ́jọ́ kankan. Àgọ́, ìkòkò, oúnjẹ àti omi àwọn méjèèjì wà lẹ́yìn bàbá, òun tí kò sanra ju ọ̀pá tó fi ń wọn aṣọ lọ. Tí màmá bá na ọwọ́ sí ike omi báyìí, á ní, "Fi í sílẹ̀. Kò sí lára ẹrù tí mo kọ sílẹ̀ fún ọ." Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n máa ń rìn lọ́dọọdún, torí ṣọ́ọ̀bù kò ṣeé tì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó ku ọjọ́ márùn-ún péré kí wọ́n débi òkun.

Ọdún yẹn ni àìsàn àyà dá bàbá wólẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó lò ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, bàbá fi ọwọ́ tí kò lágbára mọ́ gbé etí rẹ̀ sókè. "Ọmọ mi, kílò méjì lèyí o. Ṣé ẹ ò ní èyí tó fúyẹ́?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Màmá Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó wá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi orí ti ògiri, ó sì sunkún.

Lẹ́yìn tí bàbá kú, ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí Màmá Tíṣà tó lè tú àpò tí wọ́n fi kó ẹrù rẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn. Ìwé tí bàbá máa ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sí wà níbẹ̀. Ojú ewé tó kọ kẹ́yìn jẹ́ ti Màmá Tíṣà, ẹrù tó máa gbé fún ọjọ́ márùn-ún tó kù. Aṣọ òjò, ọgọ́jọ gíráàmù. Ẹ̀wù kan. Omi, ìgò kan, kí ó máa pọn òmíràn ní gbogbo ilé àlejò. Kò sí àgọ́, torí ilé àlejò wà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ títí dé òkun. Máàpù, odindi. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò méjì àti ẹgbẹ̀rin gíráàmù. Màmá Tíṣà ṣí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ń wá ojú ewé tí bàbá kọ ẹrù ti ara rẹ̀ sí. Kò rí i. Ó wá yé e pé lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ló ti kọ ọ́, àti pé ó ti mọ̀ pé òun kò ní sí níbẹ̀ láti bá a gbé nǹkan kan.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá bá a dirù, ó kó agbòòrùn, súwẹ́tà nínípọn àti bàtà kejì dání. Màmá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dá wọn padà fún un.

"Mọ́mì, tí òtútù bá wá mú yín ńkọ́?"

"Màá rìn kíákíá."

"Ẹ ti wá di Dádì pátápátá."

"Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi bá a gbé," ni màmá wí. "Ta lo fẹ́ kí n dà?"

Ó rìn ín. Òun nìkan ló ń gbé ẹrù náà kọ́ ẹ̀yìn láràárọ̀, á dúró díẹ̀, á tẹ́tí sí orúnkún rẹ̀, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, ọ̀nà náà gun orí òkè kékeré kan, òkun sì tẹ́ rẹrẹ níwájú rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́. Àárò ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ gan-an. Ì bá fi ohunkóhun tó ní sílẹ̀ kó lè gbọ́ ohùn bàbá yẹn fún ìṣẹ́jú kan péré, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ ìwúwo ọṣẹ ló fẹ́ sọ.

Ilé kan wà nísàlẹ̀ létí omi, níbi tí obìnrin kan ti ń kọ gbogbo àwọn tó bá rin ọ̀nà náà parí sínú ìwé ńlá kan.

"Ẹ kú oríire, Màmá. Ẹ̀yin mélòó lẹ rìn ín?"

"Àwa méjì."

Obìnrin náà yọjú wo ìta. "Ẹnì kejì yín dà, kí n bu omi fún wọn?"

"Ọkọ mi ni. Ó kú ní ọdún tó kọjá."

Gègé dúró lọ́wọ́ obìnrin náà. "Áà. Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ṣé ẹnì kan ni kí n kọ, nígbà náà?"

Màmá Tíṣà bọ́ báàgì ẹ̀yìn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. "Bá mi gbé e wò."

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó múra sí i bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù, báàgì náà sì fò sókè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lanu. "Ṣé gbogbo ẹrù yín nìyí?"

"Gbogbo rẹ̀ ni," ni Màmá Tíṣà wí. "Òun ló bá mi dì í."

Obìnrin náà tẹrí ba sórí ìwé ńlá rẹ̀, ó sì kọ méjì.