Àṣìṣe Tó Wà ní Orí Kẹrin

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ilé Prof, wọ́n ní kí n má pe àwọn ní Prof. Wọ́n ní Sáúlù ni orúkọ àwọn, kí n máa pe àwọn bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ó dáa, Prof." Bí mo bá ronú padà báyìí, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Mummy mi ló bá mi rí iṣẹ́ náà. Wọ́n ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, Prof sì wà lára àwọn tí wọ́n ń lọ wẹ̀ láràárọ̀, nínú ilé kan tó kọjú sí pápá Plumstead Common, lókè òkun níbí. Mo ti gboyè jáde nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn, orí ìrònú àwọn Júù nípa ìwà tó tọ́ ni mo sì kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kò mọ ohun tí èèyàn ń fi irú ìyẹn ṣe. Anti kan bi mí bóyá mo fẹ́ di Júù ni. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń to bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Woolwich, ẹ̀rù sì ń bà mí lójoojúmọ́ pé ibẹ̀ ni màá dàgbà sí. Nítorí náà, nígbà tí Mummy sọ pé ojú Prof kò ríran dáadáa mọ́, pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kàwé sí wọn létí, tí yóò sì bá wọn tẹ ìwé tí wọ́n ń kọ, mo sunkún. Mo mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn sunkún nítorí iṣẹ́ tí kò tíì rí, ṣùgbọ́n mo sunkún.

Orí ìdáríjì ni ìwé náà dá lé. Júù ni Prof, wọ́n sì ti fi ogójì ọdún kọ́ni ní yunifásítì. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé ìtọrọ àforíjì ti rọrùn jù láyé òde òní. Iléeṣẹ́ kan á ṣe èèyàn níkà, á wá fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún èèyàn. Prof ní nínú ẹ̀kọ́ àwọn Júù, ẹni tí o ṣẹ̀ nìkan ló lè dárí jì ọ́. O gbọ́dọ̀ lọ bá a fúnra rẹ, kí o sì fẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe. Bó bá kọ̀, wàá padà lọ, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta.

"Mi ò nílò akọ̀wé," ni wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà. "Háfúrútà ni mo nílò. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti kà nípa rẹ̀, Prof. Àwọn méjì tó jọ ń kẹ́kọ̀ọ́."

"Àwọn méjì tó jọ ń jà. Ìwé kan á wà láàárín wọn. Bí ọ̀kan bá ní báyìí ló rí, èkejì gbọ́dọ̀ wá ibi tí kò ti rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kàn ń gbà pẹ̀lú mi ṣáá, mo ní òun nínú dígí."

"Ó dáa, Prof."

"Wò ó, o tún ti gbà."

Mo gbìyànjú o. Lọ́jọ́ kan wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé Mósè ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin Abbey Wood, kí n lè bá wọn jiyàn. Mo ní, "Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, Prof." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Inú mi dùn pé mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń jáwọ́ nínú mi.

Orí kẹrin ló gbé ìwé náà ró. Nínú rẹ̀ ni Prof ti béèrè pé, bí ẹni tí o ṣẹ̀ bá ti kú ńkọ́? Wọ́n kọ ọ́ pé olùkọ́ àtijọ́ kan gbà pé ẹbí òkú lè dárí jì ọ́ lórúkọ rẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi dúró. Mo ti ka ìwé olùkọ́ yẹn dáadáa nílé ẹ̀kọ́. Kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Ó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà kí ó lè ta kò ó ni. Prof ń kọ ọ́ látinú iyè, wọ́n sì ti mú ìbéèrè ọkùnrin náà, wọ́n fi ṣe ìdáhùn rẹ̀.

Mo délé ní South Thamesmead, mo yọ ìwé olùkọ́ náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Àṣìṣe ni. Mummy ń lọ aṣọ iṣẹ́ wọn.

"Mummy, Prof ti ṣe àṣìṣe."

"Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀, àbí ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ni."

"Prof tó ti ń ka ìwé yẹn kí wọ́n tó bí mi. Tolú, ẹnu àgbà lobì í gbó. Iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Máa tẹ typing rẹ, jàre."

Mi ò di ẹ̀bi ru Mummy. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Mo mọ òwe yẹn, mi ò kàn rántí rẹ̀ nígbà tó máa wúlò. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé Plumstead. Mi ò tíì jókòó tí Prof fi ní, "Orí kẹrin yẹn, òun ló dára jù nínú ohun tí mo kọ láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú. Kí lo rí sí i?"

Mo ní, "Ó dára gan-an, Prof."

Ìwé jáde. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, olùkọ́ yunifásítì kan tó kéré sí Prof dáadáa kọ àríwísí lé e lórí. Èmi ni ojú wọn, nítorí náà èmi ni mo kà á sí wọn létí. Ọkùnrin náà tú orí kẹrin palẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín díẹ̀, ó sì fi kún un pé ó jọ pé kò sẹ́ni tó jókòó ti òǹkọ̀wé náà nígbà tó ń kọ ọ́.

"Ṣé òótọ́ ni?" ni Prof bi mí.

"Òótọ́ ni, Prof."

"O yára dáhùn. Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́."

Prof kọjú sí ibi tí ohùn mi ti wá.

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Àgbà ni yín. Níbi tí a ti wá, a kì í..."

"Mo ní kí o bá mi jà. O kúnlẹ̀ fún mi."

Wọ́n ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ ilé wọn sílẹ̀ lórí tábìlì.

Mummy ló ní ká lọ bẹ̀ wọ́n, bí a ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ṣíwájú mi wọlé, wọ́n sì kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. "Prof, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé ló ń ṣe é."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí." Prof kọjú sí ibi tí mo dúró sí, wọ́n ń dúró dè mí. Mo tún dákẹ́. Wọ́n ní ìyẹn kò sí lára ẹ̀ẹ̀mẹta náà.

Èmi nìkan ni mo padà lọ.

"Kí ló mú ọ dákẹ́?"

"Ọ̀wọ̀ ni, Prof."

"Rárá. Lọ wá èyí tó jẹ́ òótọ́, kí o padà wá."

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi wá a. Ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù pé wọn ò ní fẹ́ràn mi mọ́, pé màá padà sídìí bàtà. Àánú tún wà nínú rẹ̀, èyí tó burú jù: mo rò pé arúgbó tí kò ríran kò ní lè gba òótọ́. Mo fi aṣọ ọ̀wọ̀ bo gbogbo rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo ń tún un kọ, mo fẹ́ kó dára. Mo ti mú ọjọ́ Tuesday láti padà lọ. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n gbé Prof lọ sí ọsibítù tó wà lẹ́bàá Woolwich Common, ilẹ̀ Monday sì mọ́ bá wọn lókùú. Àwọn Júù kì í fi òkú falẹ̀. Kí n tó gbọ́, wọ́n ti sin wọ́n.

Ohun tí àṣà wọn sọ ni pé bí ẹni tí o ṣẹ̀ bá kú, kí o kó èèyàn mẹ́wàá lọ síbi sàréè, kí o sọ ọ́ níwájú wọn. "Mẹ́wàá péré?" ni Mummy wí. "Ẹgbẹ́ àdúrà wa lè kó ogún wá." Mo kọ ímeèlì sí ọmọ àbúrò Prof, oníṣòwò kan tí mi ò rí rí. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un, mo sì béèrè ibi tí sàréè wà.

Wákàtí kan kò pé tó fi dáhùn. Ó ní kí n má dààmú, kí n má wulẹ̀ wá. Ó ní òun dárí jì mí lórúkọ gbogbo ẹbí, pé ìwé Prof ló kọ́ òun pé ẹbí lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Mummy ní ọ̀rọ̀ ti parí, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ka ímeèlì náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Orí kẹrin ló ti rí i. Ọwọ́ mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Èsì tí mo kọ sí i kò gùn: "Ẹ ṣeun, sà. Àṣìṣe wà ní orí kẹrin. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni sàréè wà?" Kò tíì dá mi lóhùn.