Ilẹ̀ Àpáàdì Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà òjò yìí. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń ṣe mí bí àlá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé télọ̀ ni mí ní Òkè Fìà, l'Óṣogbo. Ẹ sì mọ̀ pé alálàá ọ̀sán gangan ni mí! Ẹ lè máa bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ rò pé mò ń gbọ́, àṣé mo ti rìn jìnnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì, èyí tá a ń fi fóònù ṣe.

Olùkọ́ wa ní ká kọ nǹkan lórí bí àwọn èèyàn ṣe gbé ayé ní sáà àárín, ìyẹn kí ọkọ̀ òyìnbó tó gúnlẹ̀ sétíkun wa rárá. Ó ní ohun tá a nílò wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Mi ò mọ̀ pé irú nǹkan báyìí wà. Mo rí láíbìrì tó ya àwòrán ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́, ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n fi wúrà kùn létí. Mo rí ìwé àwọn àáfà Tìmbúkútù, ó rẹwà débi pé mo rántí bàbá mi àti wàláà wọn. Mo rí ààfin olókùúta àwọn òyìnbó, mo wọ inú ẹ̀ lọ, mò ń rìn káàkiri. Bí mo ṣe fi áyọ́ọ̀nù jó búláòsì oníbàárà mi kan nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò sí oníbàárà, mo ṣí ìkànnì mùsíọ́mù kan. Àwòrán ilẹ̀ kan tí wọ́n hú jáde ní agbègbè Ifẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àpáàdì ni wọ́n tò ní ìnàró, ọ̀kan dà sọ́tùn-ún, èkejì dà sósì, bí ẹní tí wọ́n hun. Sáà àárín yẹn náà ni wọ́n ní wọ́n ṣe é.

Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́! Irú ilẹ̀ yẹn gan-an ló wà lẹ́yìnkùlé ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ní Òṣú. Orí ẹ̀ la ti ń wẹ̀ ní kékeré, a máa ń gbo gìgísẹ̀ wa lórí ẹ̀. Ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé odó síbẹ̀. Tá a bá béèrè ìdí, wọ́n á ní bí àwọn ṣe bá a nìyẹn.

Mo pè wọ́n kíá. Wọ́n ní Bọ̀dá Délé, àbúrò ìyá mi, ti já yanrìn àti sìmẹ́ǹtì, pé àwọn bíríkìlà ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la láti wá da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Háà! Mo pe Bọ̀dá Délé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní Àṣàkẹ́ tún ti ń lálàá. Wọ́n wá sọ ojú abẹ níkòó: ìyá àwọn yọ̀ ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́sí, tí wọ́n bá wá kán nítan, ṣé àpáàdì ló máa gbé wọn lọ ọsibítù? Òótọ́ ni.

Ilẹ̀ mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo wọ ọkọ̀ Iléṣà, mo tún wọ ti Òṣú. Mo ti da àwọn àwòrán náà sórí fóònù, torí mo mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀. Ìkùukùu bo àwọn òkè, ó dà bíi pé inú àwọn ìwé àtijọ́ yẹn ni ọkọ̀ ń gbé mi lọ. Mò ń bẹ Allah pé kí n má pẹ́ jù.

Mo pẹ́ díẹ̀. Ìwọ̀n ẹní kan ti lọ sábẹ́ sìmẹ́ǹtì.

Mo kígbe! Mo kúnlẹ̀ níwájú Bọ̀dá Délé, mo na fóònù sí wọn. Wọ́n wo fóònù, wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n lóṣòó, wọ́n fọwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò lórí àpáàdì kan. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní káwọn bíríkìlà dúró ná.

Ìyá àgbà gba fóònù, wọ́n gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní, "Tiwa gún ju èyí lọ."

Ẹ̀rín pa gbogbo wa! Mo ní ṣé wọ́n mọ̀ pé èèyàn ló tò ó ni? Wọ́n ní kí ló dé táwọn ò fi ní mọ̀? Ìyá ìyá àwọn ti sọ fáwọn pé àwọn tó gbé ibẹ̀ kí tiwa tó dé ló tò ó, ohun téèyàn bá sì bá nílẹ̀, èèyàn kì í bà á jẹ́. Mo ní wọn ò sọ fún wa rí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ odó la béèrè, a ò béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Bọ̀dá Délé wá rọra bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò dá àwọn dúró. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ò fẹ́ kí n ṣubú. Ṣé kí n wá ní àpáàdì ṣe pàtàkì ju ọkàn ọmọ mi lọ?"

Omi lé ròrò sí mi lójú. Bọ̀dá Délé yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú la fi sìmẹ́ǹtì tó kù ṣe. Bọ̀dá Délé ri ọ̀pá irin mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, ìyá ń dì í mú rìn. Ibi tí sìmẹ́ǹtì ti bò kò ṣeé ṣí mọ́. Tí Bọ̀dá Délé bá débẹ̀, wọ́n máa ń yà fún un, wọn kì í fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ tèmi rèé: ẹ lo íńtánẹ́ẹ̀tì o, òun ló là mí lójú! Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà yín nígbà tí wọ́n ṣì ń dáhùn, kẹ́ ẹ sì béèrè dé ìsàlẹ̀. Kí ló wà nílé tiyín tẹ́ ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ kà á. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti da sìmẹ́ǹtì lé e, ẹ ṣáà sọ fún wa, káwọn tí ò tíì dà á lè dúró ná.